Kábéèjì Bàbá Télọ̀

Nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa níbi ìsìnkú bàbá mi àgbà, wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé kejì pé títí ó fi kú, kò fọwọ́ kan ohun olóhun rí. Mo ka gbólóhùn yẹn, ó sì rí mi lára bí ìgbà tí ènìyàn bu ọbẹ̀ àná sẹ́nu tó bá a pé ó ti kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú òkú o. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú gbogbo ọmọ-ọmọ. Ẹ bi àwọn yòókù, wọ́n á jẹ́rìí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owú ni wọ́n máa fi jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kórìíra irọ́ ju bó ṣe kórìíra eèrà inú gààrí lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wá fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Bàbá mi àgbà jalè. Mo mọ ohun tó jí, mo mọ ẹni tó jí i lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi gbé ohun náà padà. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín ná.

Bàbá Télọ̀ ni gbogbo Aramọkọ mọ̀ ọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá iwájú ilé wa: maṣíìnì kan, tábìlì gígùn kan tí aṣọ ti nu ojú rẹ̀ títí tó fi ń dán, àti dígí kan tó ti sán láàárín, tó fi jẹ́ pé gbogbo oníbàárà ló ń rí ara rẹ̀ ní ìlàjì méjì tí kò bára mu. Ẹni tí kò bá mọ Bàbá dáadáa á rò pé àlùmọ́gàjí ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀. Rárá o. Imú ni. Umú ni òun fúnra rẹ̀ ń pè é, nítorí bó ti wù kó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó, ẹnu Èkìtì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń yínmú. Mo ka oríṣi yínmú tó ní dé méje nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ó tó sú mi. Tí epo bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ihò imú òsì nìkan ni yóò sún sókè, díẹ̀ báyìí, bí aṣọ ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ gbé. Tí oníbàárà bá ní kó kàn ṣáà rán an bó bá ṣe rí, ihò méjèèjì á dìde, ìpéǹpéjú á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá parọ́ níwájú rẹ̀, kò ní yínmú rárá. Orí ló máa yí pátápátá sí ògiri, bí ẹni pé irọ́ náà ń rùn, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí òórùn á fi lọ.

Mo jẹ nínú rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ní mo ti wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú àti ẹsẹ̀ nìkan ni mo bu omi sí. Bàbá kọjú sí ògiri. Mo dúró, mo dúró, ẹsẹ̀ ń ro mí. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ tán, ó yíjú padà, ó sì sọ ohun tí mo ṣì ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìjerò títí dòní, tí wọ́n sì máa ń rò pé èmi ni mo ronú kàn án: "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí kò bá rí ọ lára lónìí, ọ̀la ló máa di ara rẹ."

Nínú gbogbo ohun tó ń rí i lára, kò sí èyí tó tó kábéèjì.

Ọdún kìíní mi ní yunifásítì, mo dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun àti kábéèjì méjì nínú báàgì. Mo fẹ́ fi han àwọn ará ilé pé ojú mi ti là. Mo gé e, mo dà á sómi gbígbóná, mo dé ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti se kábéèjì jù mọ̀ bó ṣe ń rùn: bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú bàtà òjò. Bàbá jáde láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó béèrè ẹni tó kú. Mo ní kábéèjì ni. Kò bá mi jà. Ó mú àkísà, ó gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó dà á fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan jẹ ẹ́ tán, ó tún lá ilẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì dé tí wọ́n pa ewúrẹ́ náà, Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Uyán ló jẹ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lásán, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹran tó bá lè jẹ kábéèjì, òun kò mọ ohun mìíràn tó lè ti jẹ.

Ọjọ́ tó da ìkòkò mi nù yẹn, mo bínú. Mo bi í pé kí ni ewé lásán ṣe fún un. Ó nu ọwọ́, ó mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ìwé ńlá kan kalẹ̀ láti orí pẹpẹ.

Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Tíṣà kan tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló fi í ta á lọ́rẹ nígbà tí wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí ìlú mìíràn. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń kà láràárọ̀ kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ti ka lẹ́tà kìíní tán, ó ti ka ìkejì tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìkẹta ni kábéèjì dúró dè é lójú ọ̀nà bí ejò. Ó ṣí ibẹ̀ fún mi láìwo nọ́ńbà. Ìlà lẹ́ẹ̀dì wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé ibẹ̀ sì ti rọ̀ bí aṣọ nítorí ìka.

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn ọ̀daràn ní kóòtù. Èkíní, ewébẹ̀ tó ká ara rẹ̀ mọ́ra ni. Lọ́wọ́ àwọn ará Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ náà, orí ni ó sì túmọ̀ sí, nítorí pé ó rí rogodo bí orí ènìyàn. Bàbá ní òun kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èkejì, òun náà ni wọ́n ń pe aṣọ tí télọ̀ bá yọ pamọ́ nínú aṣọ oníbàárà nígbà tó ń gé e. Ẹ̀kẹta, òun náà ni wọ́n ń pe ènìyàn tí èémí ṣì wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ìrònú kankan níbẹ̀ mọ́. Bàbá yín ihò imú òsì. Ó ní ẹ wo àwọn òyìnbó, wọ́n pè é ní orí tán, wọ́n tún fi ń pe ẹni tí kò ní orí.

Mo bi í pé báwo ni ewébẹ̀ ṣe di olè jíjà. Ṣé láti ara orí náà ló ti wá ni? Ó ní ìwé náà kò mọ̀. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ ọ́ ń méfò, èyí sọ tibí, èyí sọ tọ̀hún, nígbẹ̀yìn wọ́n kọ ọ́ pé kò dájú. Ó pa ìwé náà dé. "Báwo ni yóò ṣe dájú? Olè kì í júwe ilé bàbá rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo rò pé eré àgbàlagbà ni. Mo padà sí yunifásítì, mo sọ ọ́ fún gbogbo yàrá pé bàbá mi àgbà ń bá ewébẹ̀ ṣe ẹjọ́. N kò mọ̀ pé ojú ìtìjú ni mo wò lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́ bí àwọn télọ̀ ṣe ń yọ kábéèjì yìí, nítorí títí di àárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ gbé aṣọ ọ̀pá mẹ́rin lọ fún télọ̀. Ó gé e. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tirẹ̀ ni. Yóò fi ṣe àpò inú ṣòkòtò ẹlòmíràn, yóò fi rán fìlà ọmọdé, yóò fi kún inú ìrọ̀rí. Kò sí ẹni tó ń béèrè. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó bá mọṣẹ́ mọ bí ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ ṣe lè tóbi sí i: á yí aṣọ dábùú díẹ̀, á dín ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ kù, á so ègé méjì pọ̀ ní abẹ́ apá níbi tí ojú kò dé. Wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní èyí kí wọ́n tó jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan maṣíìnì. Bàbá sọ fún mi pé ọ̀gá òun yìn òun lórí ẹ̀, ó ní ọwọ́ òun fẹ́lẹ́. Nígbà tó ń sọ "fẹ́lẹ́" yẹn, ẹ ò bá rí imú.

Bàbá tí èmi mọ̀, kò mú ègé kankan. Gbogbo ohun tó bá gé kúrò lára aṣọ yín, títí dórí èyí tó kéré bí èékánná, á kó o sínú àpò kékeré, á lẹ orúkọ yín mọ́ ọn, á sì dá a padà pẹ̀lú aṣọ. Ó ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ìyàwó tuntun kan wá láti Ẹ̀fọ̀n, ó ṣí àpò tirẹ̀, ó rí ègé léèsì mẹ́ta tí wọn kò tó nu imú ọmọ. Ó ní Bàbá, kí lòun fẹ́ fi èyí ṣe. Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí maṣíìnì: "Kí o máa fi mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ mi."

Ìyá mi àgbà, tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ló sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni òun nígbà náà. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ òun ka ọ̀rọ̀ kábéèjì nínú ìwé, ó pa maṣíìnì tì, kò sì jẹ ẹ̀fọ́ kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ, ó la gbogbo ìrọ̀rí ilé. Ègé aṣọ ló wà nínú wọn, ìrọ̀rí ìgbéyàwó wọn sì wà níbẹ̀. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rántí: èyí ti ìyá kan báyìí, èyí ti kàtíkíìsì, èyí ti ẹni tó ń ra kòkó. Ó fi píìnì so orúkọ mọ́ wọn.

Ọjọ́ ìsinmi ìkórè dé. Gbogbo ayé ru uṣu, wọ́n ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ru kòkó lọ síwájú pẹpẹ. Bàbá ru àpò fúláwà kan. Ó tú u sórí tábìlì láàárín àwọn uṣu, ó ní ohun tí òun jí nínú aṣọ ìjọ nìyí, kí àwọn olóhun wá mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ìyá mi àgbà ní òun fi ìwé orin bojú. Kò sí ẹni tó dìde, títí ìyá arúgbó kan fi rìn lọ síwájú, ó yẹ ègé tirẹ̀ wò, ó ní abájọ tí bùbá yẹn kò fi pàdé láyà òun rí. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn télọ̀ tó wà nínú ìjọ ni kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹgbẹ́ wọn ti pè é sí ìpàdé, wọ́n ní kó lọ sọ fún ìjọ pé òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ti òun lòun sọ, àwọn náà ní ẹnu. Wọ́n lé e jáde nínú ẹgbẹ́, kò sì padà síbẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá mi àgbà a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà: "Télọ̀ ni mo fẹ́, mo bá ara mi nílé ajíhìnrere."

Ohun kan wà tí kò ṣe é lóye fún mi nígbà náà. Bàbá kì í lọ sí Ìjurìn. Ó ń lọ sí Ìlọrọ̀, ó ń lọ sí Ìjerò, kò sí ibi tí kì í lọ láti bá wọn wọn aṣọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dárúkọ Ìjurìn, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú níbẹ̀, ọ̀rẹ́ gidi. Ó rán aṣọ òkú náà fúnra rẹ̀, ó wá fi rán ẹlòmíràn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ó ní ìyàwó kan níbẹ̀ tí ìyá mi àgbà kò mọ̀. Ó yí orí sí ògiri. Mo rò pé èmi ni mo parọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀gbà dá a dùbúlẹ̀, nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Apá ọ̀tún kú pátápátá, ọwọ́ àlùmọ́gàjí gan-an. Ohùn lọ. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wá ń tọ́jú rẹ̀ ní Aramọkọ. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Dádì Adó wá wò ó. Àbúrò bàbá mi ni, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Adó, ewúrẹ́ pàápàá Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lé. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kan nínú àpò, kò jókòó. Ó sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí n má fi agbára ṣòfò, pé bàbá wa ti di kábéèjì, kò sí ẹnì kankan nínú ara yẹn mọ́. Ó lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lédè òyìnbó. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán an.

Mò ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, kí n má baà wo ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí Bàbá. Ojú ọ̀tún kú sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Ṣùgbọ́n lápá òsì, ihò imú ń sún sókè, díẹ̀díẹ̀, ẹnu tẹ̀ lé e, títí yínmú náà fi dúró. Ti ọbẹ̀ elépo ni. Ìlàjì ojú ló fi yín in, síbẹ̀ yínmú náà pé.

"Dádì," mo ní, "Bàbá gbọ́ yín."

Ó ní iṣan lásán ló ń fò. Mo ní rárá, imú ni wọ́n yín sí yín. Kò pẹ́ tó fi rántí pé òun ní ìpàdé ní Adó.

Bí ó ṣe lọ tán ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé póò ìtọ̀ wá, ó yínmú. Mo gbé omi wá, ó yínmú. Mo gbé Bíbélì wá, ó rò ó díẹ̀, ó yínmú. Ọlọ́run á foríjì í. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ náà dákẹ́. Àpò fúláwà kan ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bí omi tíì. Mo rò pé ó ṣófo, títí ìka mi fi kan ìdì kékeré kan nísàlẹ̀, tí wọ́n fi òwú dì. Aṣọ pópílììnì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, tó ní òdòdó funfun wínníwínní, kò tó ìdajì ọ̀pá. Píìnì ara rẹ̀ ti dípẹtà. Lára bébà tí píìnì náà dì mú, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá: Kọ́mfọ́ọ̀tì, Ìjurìn.

Mo bi í bóyá kí n mú un lọ. Omi bọ́ lójú òsì. N kò ní tú ìyẹn sí nǹkankan, nítorí ojú náà ti ń ṣomi látìgbà tí àìsàn dé. Ṣùgbọ́n kò yínmú.

Mo gun ọ̀kadà dé Ìjurìn. Nígbà tí mo béèrè Màmá Kọ́mfọ́ọ̀tì, wọ́n júwe ilé kan fún mi tí wọ́n sá kòkó sí iwájú rẹ̀. Ìyá náà wà lórí kòkó, ó ń fẹsẹ̀ yí i. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú uṣẹ́, mo ní ọmọ-ọmọ Bàbá Télọ̀ Aramọkọ ni mí. Kò dúró. Ó yí kòkó náà dé ìpẹ̀kun, ó yí padà, ó tún ń bọ̀. Mo yọ ìdì náà jáde. Kí n tó tú òwú ara rẹ̀, ó ti mọ aṣọ náà. Ìgbà náà ló jókòó.

Ó sọ ọ́ fún mi láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò. Ọmọ ọdún méjìlá ni òun nígbà náà. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà kan ní Aramọkọ kó lè lọ síléèwé. Ìyá yẹn fi ọ̀pá mẹ́rin pópílììnì rán an sí télọ̀, kí ó fi rán gáwùn. Nígbà tí gáwùn dé, ìyá náà wọ̀n ọ́n, ó mọ̀ pé aṣọ òun kò pé. Ó bi ọmọ pé ìyókù dà. Ọmọ ní gbogbo rẹ̀ lòun gbé fún télọ̀. Ìyá náà fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá rẹ wà níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà yẹn, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó wá sọ fún ìyá yẹn pé aṣọ tí ọmọ yìí gbé wá kò pé mẹ́rin."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá a padà sí Ìjurìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ilé ìwé rẹ̀ parí ní kíláàsì kẹrin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Olè Aṣọ lójú odò, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ.

Ègé aṣọ, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Télọ̀ wo ni kì í mú u? Ṣùgbọ́n pé ó wo ọmọdé lójú, ó gbé olè tirẹ̀ lé e lórí! Bàbá tó fi mí dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí nítorí ìwẹ̀. Bàbá tó dúró níwájú odindi ìjọ tó ń pe orúkọ, kò wá lè dúró níwájú ọmọbìnrin kan. Itọ́ ẹnu mi korò. Ó rí mi lára, mò ń sọ òótọ́ fún yín, ju kábéèjì lọ.

Màmá Kọ́mfọ́ọ̀tì bi mí bóyá ó ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ènìyàn sì rò pé kò mọ nǹkankan mọ́.

"Òun náà ti wá mọ bó ṣe rí," ó ní, "kí ọ̀rọ̀ wà nínú ènìyàn kí wọ́n má gbà á gbọ́." Ó ká aṣọ náà sí kékeré, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. "Ṣé ó ń gbọ́ràn?"

"Ó ń gbọ́, mà."

"Sọ fún un pé mo gbà á. N kò sọ pé mo dárí jì í o. Mo gbà á ni mo wí. Má fi kún un."

Mo ní kí ọlọ́kadà dúró lójú ọ̀nà kí n fi omi fọ ẹnu. N kò fẹ́ rí Bàbá rárá lọ́jọ́ yẹn. Bí a sì ṣe ń súnmọ́ Aramọkọ, nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sí mi lọ́kàn: ó ń kú lọ, kí ló burú bí mo bá ní ìyá náà ti dárí jì í? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé àfikún ni iṣẹ́ mi. Kò sí ìtàn tí mo gbọ́ ní kíkorò tí n kò fi iyọ̀ sí kí n tó bù ú fún ẹlòmíràn. Ta ni yóò mọ̀?

Mo wọlé, mo jókòó tì í. Mo ní: "Bàbá, ó gbà á. Ó ní òun kò sọ pé òun dárí jì yín. Ó ní kí n má fi kún un."

Mò ń retí imú. Kò yín in. Mo wá sọ tèmi: "Ohun tí ẹ ṣe sí ọmọ yẹn, ó rí mi lára, Bàbá." Ọwọ́ òsì ń wá nǹkan lórí aṣọ ìbora títí tó fi bá ọrùn ọwọ́ mi, ó dì í mú. Kò mú un le. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ní àárọ̀, ukú mú un lọ.

Dádì Adó ló kọ ìwé ìsìnkú. Ó kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú gíláàsì lójú, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo ti rí Màmá Kọ́mfọ́ọ̀tì lórí ìjókòó ẹ̀yìn. N kò pè é, ó gbọ́ ni, ó sì wá. Nígbà tí Dádì Adó dé ibi tó ní bàbá òun kò fọwọ́ kan ohun olóhun rí, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá náà kò yínmú. Orí ló yí, pátápátá, sí ògiri.

Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ kan wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ẹbí ti rò pé n ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo rí i tí wọ́n ti ń tún ìjókòó ṣe. Mo dìde. Mo ní, nígbà tí bàbá mi àgbà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó jí ègé pópílììnì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ó sì sọ pé ọmọ kékeré kan ló jí i. Mo ní Kọ́mfọ́ọ̀tì ni orúkọ ọmọ náà. Mo ní kò jí i. Mo ní lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gọ́ta, bàbá mi àgbà dá aṣọ náà padà, Kọ́mfọ́ọ̀tì sì gbà á.

Ìyá náà ti yíjú padà kúrò lára ògiri. Ó ń wò mí.

Ó ku ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ nínú ìṣẹ́jú méjì mi. Mo jókòó. N kò fi kún un.